Ẹ Kúnlẹ̀ Kí Ẹ Tó Ya Fọ́tò Yẹn

Bí òde ọjọ́ Sátidé bá ti parí, kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, fọ́tò á ti kún orí WhatsApp gbogbo wa. Ìyàwó rè é, ọkọ rè é, àwọn tó ra aṣọ ẹbí tò lọ bẹẹrẹ, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran wà nínú àwo lórí tábìlì. Mo máa ń wo gbogbo wọn, torí iṣẹ́ mi ni. Kì í ṣe pé wọn kò mọ́ lójú. Fóònù òde òní ń ya fọ́tò tó mọ́ ju èyí tí kámẹ́rà ọ̀gá mi ń yà nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ibì kan náà ni wọ́n ti ya gbogbo wọn. Ẹni tó yà á dúró ṣánṣán, ó gbé fóònù síwájú ojú, ó tẹ̀ ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ kó fọ́tò ilé mẹ́wàá jọ, kí ẹ fọwọ́ bo ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀, ẹ kò ní mọ ti Lágbájá yàtọ̀ sí ti Tàmẹ̀dò.

Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fọ́tò. Mò ń ya ìgbéyàwó, mò ń ya ìkómọ, mò ń ya ìsìnkú àgbà, mo sì ní àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí jù lọ ni pé, "Àǹtí, fóònù wo ni kí n rà tí fọ́tò mi á fi máa rí bíi tiyín?" Èsì mi kì í sábà dùn mọ́ wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n tọ́jú owó wọn ná, kí wọ́n kọ́kọ́ lo orúnkún wọn. Ẹni tó lè kúnlẹ̀, tó lè lóṣòó, tó lè dùbúlẹ̀ gbalaja, tó sì lè gun àga tàbí àkàsọ̀ lọ sókè, fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ti tó o.

Ojú àgbàlagbà tó dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà kan àti ààbọ̀ sí ilẹ̀. Láti ibi gíga yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wo ayé láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí fọ́tò bá tún wá fi ohun kan náà hàn wá láti ibì kan náà, kò sí ohun tó máa dá ojú dúró. Ojú á kàn kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì tó di ìró ìyá rẹ̀ mú nínú ọjà kò rí ọjà tí ìyá rẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ ló rí, àti bàtà, àti ìdí agbọ̀n, àti ajá tó sùn sábẹ́ tábìlì. Káfíńtà tó ń kan páànù lórí òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yẹn, orí lòun rí, gèlè, agbòòrùn, àti àwọn ọ̀nà tóóró tó gba àárín ìsọ̀ kọjá. Ọjà kan náà ni gbogbo wọn wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ibi tó ṣàjèjì sí yín láti gbé kámẹ́rà sí, ibẹ̀ ni ẹlòmíì ń gbé lójoojúmọ́. Ẹ lọ dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀yìn ẹni tí à ń yà, torí ibẹ̀ ni fọ́tò púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Ìlú wa kún. Ẹ dúró ní Kútọ̀, ní Ọmídá tàbí ní Láfẹ́ńwá, kí ẹ gbé fóònù sí ojú ẹnikẹ́ni: wáyà iná á gba orí rẹ̀ kọjá, pósítà olóṣèlú tí òjò ti ya á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì, gbogbo wọn á máa bá ojú ẹni náà du àyè. Bí ẹ bá kúnlẹ̀ níbi tí ẹ wà gan-an, orí rẹ̀ á bọ́ sínú òfuurufú, wúruwùru gbogbo á rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá sì gun orí pèpéle kan tí ẹ wo ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ni yóò di ẹ̀yìn fọ́tò: yẹ̀pẹ̀ pupa, ọ̀dà títì, ẹní. Ẹ kò ra nǹkan kan. Ara yín nìkan lẹ gbé.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ìmọ́lẹ̀ òfuurufú pọ̀ ju ti ojú èèyàn dúdú lọ. Òfuurufú yẹn ni fóònù máa fẹ́ tẹ̀lé, ojú ẹni tí ẹ ń yà á wá ṣókùnkùn. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí gíláàsì fóònù, kí ẹ mú ìka dúró títí tí fóònù á fi dì í mú, kí ẹ wá fi ìka kan náà fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra fóònù olówó ńlá ni kò mọ̀ pé èyí wà nínú rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, tí òfuurufú máa ń funfun, ojoojúmọ́ lẹ máa nílò rẹ̀.

Ẹ wá bá mi ká lọ sí Ìtòkú, ọjà tí wọ́n ń torí adìrẹ wá láti ọ̀nà jíjìn. Iwájú ìsọ̀ ni àlejò máa ń dúró sí. Á ya aṣọ tí wọ́n fi kọ́, á ya ìyá tó ń tà á, ìyá náà á rẹ́rìn-ín, ó parí. Èmi máa ń ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ náà. Kí wọ́n kí aláró dáadáa, kí wọ́n tọrọ àyè, kí wọ́n gun àga, kí wọ́n wá na fóònù jáde títí tí ojú rẹ̀ á fi dojú kọ inú ìkòkò tààrà. Láti òkè yẹn, ẹnu ìkòkò á rí roboto, aró á dúdú, ìfófò á wà lórí rẹ̀, apá méjèèjì aláró á ti ẹ̀gbẹ́ kan wọ inú fọ́tò. Bó bá ti ń fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ni aṣọ náà máa kọ́kọ́ ní. Nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni àwọ̀ aró yóò wá yọ, lójú yín báyìí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Aláró ń rí i lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, torí orí ìkòkò ni ojú rẹ̀ wà. Ẹni tó dúró síwájú ìsọ̀ kò lè rí i láéláé.

Láti ibẹ̀, kí wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n sá aṣọ sí. Kí wọ́n wọ abẹ́ aṣọ tó wà lórí okùn lọ, kí wọ́n lóṣòó, kí oòrùn wà lódì kejì aṣọ. Ibi tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ láfún tàbí àbẹ́là bò kí aró má bàa mú un, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá wá. Ibi tí aró ti mu ún kánrin á dúró gbagidi. Bó bá jẹ́ adìrẹ alábẹ́rẹ́ ni, ẹ óò máa rí ojú ihò abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ oníko ni, ẹ óò rí ibi tí okùn fún aṣọ mọ́ra. Nígbà tí aṣọ yẹn wà lórí tábìlì, ọnà ara rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn yín. Láti abẹ́ rẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é hàn. Mo ti fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ tí kò mọ alábẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi láfún ṣe, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Orí àpáta Olúmọ ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá gòkè ibẹ̀ ló máa ń ya òrùlé pupa tó tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀. Ó dára, kí ẹ yà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gòkè, ẹ tẹ̀ ba wọ ihò inú àpáta níbi tí àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí lásìkò ogun, lẹ́yìn tí wọ́n dé ibẹ̀ ní 1830. Inú ihò yẹn ni kí ẹ wà, kí ẹ kọjú kámẹ́rà síta. Òkùnkùn àpáta á yí ìmọ́lẹ̀ ìta ká. Ẹni tó sá pamọ́ síbẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ń wo ìta. Àwọn ojú ọlọ kéékèèké tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ náà wà lára àpáta. Ẹ dúró lé wọn lórí láàárọ̀, nígbà tí oòrùn ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, òjìji á jẹ́ kí jíjìn wọn hàn. Bó bá di ọ̀sán gangan, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ kò ní rí nǹkan kan yà.

Àwọn kan á rò pé àṣà àwọn ọmọ Instagram ni mò ń polongo. Ọ̀rọ̀ yìí dàgbà jù wọ́n lọ. Ní 1925, ní ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n gbé kámẹ́rà Leica jáde fún títà, kámẹ́rà kékeré tí èèyàn lè gbé sókè gbé sódò bó ṣe wù ú. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tóbi, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé wọn lé, àwọn kéékèèké sì wà tí wọ́n ń gbé mọ́ ikùn. Ní Moscow, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Alexander Rodchenko. Ní 1925 kan náà, ó dúró sísàlẹ̀ ilé ńlá tó ń gbé ní òpópónà Myasnitskaya, ó kọjú kámẹ́rà sókè, ó ya báńkóònì tó gun ara wọn lórí, ó ya ọkùnrin tó ń gun àkàsọ̀ lára ògiri. Ní 1928, ó kọ̀wé pé ká fi fọ́tò tí wọ́n ń yà láti ibi ìdodo sílẹ̀, ká máa yà láti òkè sí ìsàlẹ̀ àti láti ìsàlẹ̀ sí òkè. Wọ́n bú u fún un. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn Òyìnbó ìwọ̀ oòrùn ló ń wò ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ní bó ṣe ń ya àwọn ọ̀dọ́ láti ìsàlẹ̀ kò bójú mu. Lónìí, kò sí ìwé ìtàn fọ́tò gidi kan tí kò ní orúkọ rẹ̀ nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kàn wá. Ibi ìdodo tí Rodchenko kọ̀ yẹn ni Pierre Verger ti ya olórìṣà wa. Paris ni wọ́n bí Verger sí ní 1902, ó dé Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ní 1946, Kétu ní ilẹ̀ Benin ló ti di babaláwo tó ń jẹ́ Fátúmbí. Kámẹ́rà Rolleiflex ló ń lò, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, tó ń dúró sí ikùn, tí ayàwòrán á tẹrí ba wo gíláàsì orí rẹ̀. Ẹ wo ọ̀pọ̀ nínú fọ́tò rẹ̀ ní Bahia àti ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Kámẹ́rà ń gbójú sókè díẹ̀ wo èèyàn. Ìyálórìṣà, àrọ́mọdọ́mọ ẹrú tó ń ru ẹrù ní èbúté, apẹja, gbogbo wọn dúró gíga, orí wọn wà lójú ọ̀run. Ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ Òyìnbó ń ya ènìyàn dúdú bí ẹni ń ya ẹranko ìgbẹ́, ibi tó gbé kámẹ́rà sí jẹ́ ìbọ̀wọ̀.

Ayàwòrán Akinbode Akinbiyi ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ òní. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Oxford ni wọ́n bí i sí ní 1946, ìlú Berlin ló ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ẹsẹ̀ rin Èkó já, títí dé Bar Beach, pẹ̀lú Rolleiflex àti fíìmù. Ẹni tó tẹrí ba wo kámẹ́rà kì í dẹ́rù ba èèyàn bí ẹni tó gbé nǹkan dúdú bo ojú, tó sì kọ ọ́ sí ọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ipò kan wà tó jẹ́ ìdúró tó dáa jù lọ títí ayé, ẹ má gbà á gbọ́. Nígbà ayé Rodchenko, ìdodo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, ó kọ̀ ọ́. Nígbà tiwa, ojú ni gbogbo fóònù wà, ìdodo sì ti di ibi àrà. Ẹ gbé fóònù yín sọ̀ kalẹ̀ sí ìgbáròkó nígbà tí ẹ bá ń ya ẹni tó dúró, kí ẹ wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣe gùn tó bó ṣe yẹ.

Ẹni tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ní fóònù mọ̀ ni olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó ni, wọ́n bí i ní 1930, ó kú ní 2014, àmọ́ ilẹ̀ Yorùbá ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbésí ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ìbàdàn ló wà ní 1954, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Ó ṣiṣẹ́ fọ́tò ní ilé tẹlifíṣàn Ìbàdàn. Ó wá sí Èkó, ó sì ṣí sítúdíò tirẹ̀ sí Kétu ti Èkó níbẹ̀ ní 1975. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin, ní títì, níbi iṣẹ́, lóde àríyá. Fọ́tò irun nìkan tó yà tó ẹgbẹ̀rún.

Òfin sítúdíò nígbà yẹn ni pé ojú ni kí o kọ́kọ́ wá. Ojeikere fi ojú sílẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìn. Ìpàkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú fọ́tò yẹn kọ sí wa, ọrùn nísàlẹ̀, irun lókè, kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí òòyà ti la orí, ibi tí òwú dúdú yí irun ká tó fi dúró bí onílé gogoro, gbogbo rẹ̀ hàn. Wọ́n gbé e lọ hàn ní Fondation Cartier ní Paris ní 2000, wọ́n gbé e dé Venice ní 2013. Irun tí àwọn ìyá wa ń dì lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ni o.

Mo ti wo àwọn fọ́tò yẹn pẹ́, ohun tí mo rí nínú wọn ni pé ibi tí onídìrí dúró sí ni Ojeikere dúró. Onídìrí kì í rí ojú oníbàárà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìpàkọ́ ló ń wò fún wákàtí. Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ ọnà náà wà, ẹ̀yìn ni ẹni tó ṣe é wà. Láti ìgbà tí mo ti rí èyí, mi ò bi ara mi léèrè mọ́ pé igun wo ló máa ṣàrà. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, ta ló ń ṣiṣẹ́ lára nǹkan yìí, ibo ló sì ti ń wò ó? Mẹkáníìkì ń wo mọ́tò láti abẹ́ rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí páálí, iná tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ sùn sórí páálí yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń rokà ń wo ìkòkò láti òkè, orógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Télọ̀ ń wo agbádá láti etí rẹ̀. Ìbéèrè yìí kan ṣoṣo ló ti fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní fọ́tò ju gbogbo ohun mìíràn tí mo kọ́ wọn lọ.

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí níjòkòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Lórí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò, ẹ jẹ́ kí ọmọ gun igi náà. Ẹ fún ọmọ ọdún mẹ́rin ní fóònù yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ilé, kí ẹ wo ohun tó máa yà: ikùn bàbá rẹ̀, imú ìyá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, abẹ́ àga, fáànù lójú àjà. Àwa ńkọ́, báwo la ṣe ń ya ọmọ náà? Láti òkè. Gbogbo fọ́tò ìgbà èwe tí à ń kó pamọ́ fún àwọn ọmọ wa, orí ńlá ni, ẹsẹ̀ kékeré, ojú tó ń tiro wò wá. Ọmọ yẹn ì bá fẹ́ rí ara rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà bí ẹni tó wà nínú ayé tirẹ̀. Ẹ lóṣòó títí tí ojú kámẹ́rà á fi bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Bí ọmọ bá ń rákòrò, ẹ dojú bolẹ̀. Iṣẹ́ yìí rọrùn ju gbogbo ohun tí mo kọ síbí lọ, òun sì ni àwọn òbí kì í ṣe.

Níbi ìsìnkú àgbà kan ní Ìbarà, mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé ń jó wọlé. Ìyá àgbà kan nawọ́ sí mi: "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo sọnù sílẹ̀? Dìde ńbẹ̀ kí wọ́n má tẹ̀ ọ́ pa!" Mo ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, aṣọ òkè wọn ni mo fẹ́ kó hàn dáadáa." Nígbà tí àkọ́bí olóògbé yí, agbádá rẹ̀ ṣí, ó gba gbogbo òkè fọ́tò, ìlù gángan wà lábẹ́ apá rẹ̀ kan, ojú onílù wà láàárín. Fọ́tò yẹn ni ìdílé náà mú fún férémù ńlá.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ tí mo fi ń gbé e yìí lè mú kí àwọn ọmọ kan lọ ṣe àṣejù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n dédé gbé fóònù dagun kí ilé máa ṣubú, kí ìyàwó máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Mi ò sì fara mọ́ lẹ́ǹsì tó fẹ̀ gan-an yẹn, èyí tí fóònù ń pè ní 0.5, kí wọ́n gbé e súnmọ́ ojú èèyàn títí imú á fi gba gbogbo ojú. Ẹni tó bá sì gbé kámẹ́rà sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin láìtọrọ àyè, ìwà ìbàjẹ́ ló hù, kò sí iṣẹ́ ọnà kankan níbẹ̀. Bí eégún tàbí orò ìlú bá ní ibi tí obìnrin tàbí àlejò kò gbọdọ̀ dé, ẹ má dé ibẹ̀. Fọ́tò kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ kó ẹ̀gàn bá ara wa.

Ti àgbà yàtọ̀ díẹ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá, ní Ìlá Ọ̀ràngún àti láwọn ìlú mìíràn, kọ nípa wa ní 1978. Ó rí bí àwọn àgbà wa ṣe ń jókòó fún fọ́tò: wọ́n kọjú síwájú gan-an, ọwọ́ wà lórí orúnkún, aṣọ tẹ́ rẹrẹ, ojú méjèèjì àti etí méjèèjì hàn. Ó rí bí wọ́n ṣe ń tẹ fọ́tò ìbejì tó kù láyé lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí èkejì rẹ̀ tó ti kú lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjókòó yẹn kò gbọdọ̀ parẹ́. Ẹni tó jókòó bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ kí àrọ́mọdọ́mọ òun rí. Tí mo bá fẹ́ ya irú fọ́tò yẹn, mi ò ní wá àrà kankan. Síbẹ̀ mo máa ń kúnlẹ̀. Mo máa ń sún sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí àgbọ̀n àti ihò imú má bàa gba iwájú, mo wá kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ àti orí ìdọ̀bálẹ̀ ni ọmọ Yorùbá ti ń wo àgbà láti kékeré. Bí wọ́n ṣe ga lójú wa láàárọ̀ nígbà tí a bá ń kí wọn, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà á ṣe gbé wọn ga. Ẹni tó dúró lé àgbà lórí tó ń yà á nínú àga, ó ti sọ ọ́ di ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí fóònù, díẹ̀ péré ni mo ní fún yín. Ọbẹ̀, ẹ yà á láti òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí òjìji orí yín má bàa bọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì pa fláàṣì. Bàtà, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí fóònù sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í tajà ńkọ́? Lẹ́yìn òjò, bí omi bá dúró lójú títì, ẹ dorí fóònù kodò kí lẹ́ǹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké á wà lókè, á tún wà nísàlẹ̀. Ẹ di fóònù mú dáadáa o.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn ni mo ní in fún, títí kan èyí tí mò ń kọ̀wé sí yìí. Fọ́tò àwọn ìjòyè àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ẹnì kan di sọ̀wédowó ńlá mú láàárín, ti tó gẹ́ẹ́. A kì í rí ẹni tí wọ́n kọ sọ̀wédowó náà sí, a kì í rí ohun tí ó rí. Bí ẹ bá fẹ́ ya títì tó bàjẹ́, ẹ má ti ojú fèrèsé mọ́tò yà á. Láti ibẹ̀, kòtò á dà bí omi lásán. Ẹ lóṣòó sétí kòtò, kí ẹ dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń bọ̀. Nígbà tí táyà rẹ̀ bá wọ inú kòtò, tí ara kẹ̀kẹ́ dagun, tí ìyá tó wà lẹ́yìn fi ọwọ́ kan di irin mú, tó fi ọwọ́ kejì di ọmọ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni títì náà bí àwọn tó ń gbà á ṣe mọ̀ ọ́n. Kọmíṣánnà kò lè wo irú fọ́tò yẹn kó ní ọ̀nà náà ṣeé gbà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ máa lọ sóde ní Sátidé tó ń bọ̀, ó dájú. Kí ẹ tó gbé fóònù síwájú ojú, ẹ wá ẹnì kan níbẹ̀ tí kì í dúró síbi tí ẹ dúró sí: ọmọdé, onílù, ìyá tó ń bu oúnjẹ, ẹni tó ń to àga. Ẹ kí i, ẹ tọrọ àyè, ẹ lọ síbi tó wà, kí ẹ ya fọ́tò kan láti ibẹ̀. Kí ẹ sì rí i pé ẹ fi í ránṣẹ́ sí òun náà.